Kókó Ọwọ́ Òsì

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, etí odò Choptank ṣì ṣú,
àfi iná kan tó ń mì lórí ọkọ̀ Verna Pinder.
Àgbá oníyọ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ó ń fa okùn jáde, ó ń so ọrùn adìẹ mọ́ ọn,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ọrùn kan,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ọrùn kan.
Iyọ̀ ń wá ojú ọgbẹ́ àná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rí i.

"Má kánjú," ni Lemuel máa ń wí,
"okùn tó bá lọ́ nínú àgbá, á lọ́ lójú omi,
akàn á sì fi ọ́ ṣẹ̀sín."
Inú oṣù Èrèlé ló kú, nígbà tí yìnyín bo odò.
Ọmọ wọn ní Baltimore ní kí ìyá òun ta ọkọ̀.
Verna ní òun á rò ó. Kò rò ó.
Ó ra ọrùn adìẹ, páálí méjì.

Níbi tí okùn ti já rí, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan
tó yí sí òdì, tó rí rúdurùdu:
ọwọ́ òsì ni Lemuel fi ń ṣe ohun gbogbo.
Kókó yòókù, ó tú wọn, ó tún wọn ta.
Èyí, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó kọjá.

Ìdákọ̀ró rì, ṣéènì tẹ̀ lé e, kẹ́ẹ̀gì funfun léfòó.
Okùn ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ bí ejò tó rántí ilé.
Ìdákọ̀ró kejì balẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó bu kọfí.
Ẹni tí kò bá mọ ìdúró,
kó lọ máa gbin àgbàdo.

Nígbà tí ilẹ̀ là, ó gbé okùn kọ́ rólà,
ọkọ̀ ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.
Ọrùn kan, òfìfo. Ọrùn kan, òfìfo.
Ọrùn kẹta: akàn, ọwọ́ rẹ̀ bí aró,
ó di ẹran mú bí ẹni di ìwé ilẹ̀ mú.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, a ti gbọ́;
ọ̀fun ni kò fi nǹkan kan ṣọ́.
Ìmọ́lẹ̀ ni yóò mú un jọ̀wọ́ ẹran,
nítorí náà, àwọ̀n gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀
kí ojú rẹ̀ tó là.
Ó bù ú. Ó wọ̀n ọ́n. Íǹṣì márùn-ún àti díẹ̀. Agbọ̀n.
Èyí tó tẹ̀ lé e kéré. "Padà lọ bá ìyá rẹ."

Kókó ọwọ́ òsì gun rólà, ó fò sókè,
akàn méjì sì wà lórí ọrùn tó tẹ̀ lé e,
akọ gbé abo sábẹ́ àyà.
Àwọ̀n wà lọ́wọ́ Verna. Kò tì í bọmi.
Wọ́n jábọ́, pọ̀ọ́.
"Owó lo jù sómi yẹn," ó bá ara rẹ̀ wí,
ó yí ọkọ̀ padà síbi kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́.
Ọrùn adìẹ ku páálí kan.
Wọ́n ní yóò wọ́n sí i lọ́la.