Ọwọ́ Tó Kọ Kálàmù

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìwé kóòtù l'Ókè-Fìà:
ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀,
ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu aládùúgbò.

Ọwọ́ yìí ṣì ń bó ẹ̀gúsí,
ó ń bó ọsàn láìjá èèpo.
Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti mú kálàmù,
àtàǹpàkò á ká wọnú bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn,
orúkọ mi á di ipasẹ̀ adìẹ.

Mórẹ́nikẹ́ ní, "Ìdájọ́ ta lo kọ tí kò dùn mọ́ ọn?"
Ọ̀gá mi ní ọ̀lẹ ni.

Dókítà Ọ̀ṣúngbèmí kò wo ọwọ́ náà pẹ́.
Orí mi ló fọwọ́ kàn.
"Ibẹ̀ ni, Bàbá. Ọpọlọ ló pààlà fún ìka kọ̀ọ̀kan;
àkọtúnkọ ti pa ààlà ọ̀hún rẹ́.
Ti ẹlòmíì, inú ìdílé ló ti bá a wá.
Ẹnikẹ́ni ò ṣe yín."

Abẹ́rẹ́ wọ iṣan apá mi,
agídí rẹ̀ rọ̀ fún oṣù mẹ́ta;
tó bá tún le, a ó tún gún un.
Mo fi àkísà àdìrẹ we kálàmù
títí ó fi nípọn bí ṣùkù àgbàdo.
Èjìká ni mo fi ń kọ̀wé báyìí, gàdàgbà-gàdàgbà,
sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá.

Lánàá mo kọ "Òṣogbo".
Ó kún ojú ìwé.
Tinúadé, ọmọ-ọmọ mi tó wà ní jẹ́léósinmi,
wò ó lọ, wò ó bọ̀:
"Bàbá, ó fi díẹ̀ dára ju tèmi lọ."