Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ó pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá,
àmì ohùn ni mo fi ń jẹun.
Ẹni tó bá kọ̀wé wá láìfi àmì sí i,
èmi ni mo máa ń bi í pé: báwo lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é?

Ọjọ́ Ajé ni Pásítọ̀ Olúfọlábọ̀ mú tiẹ̀ wá,
ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, íǹkì pupa:
*Eni to ba se oyun, o ti se.*
Wàlíù ọmọ iṣẹ́ mi kà á bí ẹni ń se ọbẹ̀.
Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì,
mo gbé àmì òkè lé ṣẹ́ ti ìṣáájú,
mo gbé àmì ìsàlẹ̀ lé ṣẹ̀ tó gbẹ̀yìn.
Pásítọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.
Ọlọ́run ti sọ ọmọ lórúkọ kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀ pé òun di bàbá."
Ó wo íǹkì náà títí, ó ní kò pupa tó.

Lọ́jọ́ kejì, Lọ́yà Fadérẹ́rà gun àtẹ̀gùn wa,
bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò.
Ó fẹ́ kí wọ́n tún òfin kọ.
"Ọdún mẹ́rìnlá fún ẹni tó bá a ṣe é,
ọdún méje fún obìnrin,
ọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Òfin ò mọ ojúlé rẹ̀."
Wàlíù rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀.

Àfáà Búsàírì tó wá gba káàdì ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀
rí ìwé méjèèjì lórí tábìlì, ó bá jókòó.
"Àwa náà ò tíì parí rẹ̀ láàárín ara wa.
Àwọn onímọ̀ kan ní ó di ọgọ́fà ọjọ́ kí ẹ̀mí tó wọlé,
àwọn kan ní a kì í wó ilé tí Ọba ń kọ́ fún àlejò.
Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìyá fẹ́ bá a lọ…"
Kò parí rẹ̀. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga.

Ọnarébù Láníhùn ránṣẹ́ ní tirẹ̀
pé kí ọ̀rọ̀ yẹn má fara kan pósítà òun rárá:
àwọn ìyá ìjọ ń dìbò, àwọn ọmọ Yunifásítì ń dìbò.
Kí n kọ ÌDÀGBÀSÓKÈ, kí n kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá kan wá láti Yemẹtù,
fọ́tò kan ṣoṣo nínú ọ̀rá.
Mosúnmọ́lá. Ọdún mọ́kàndínlógún. Poli ló ń lọ.
Ó ní kí n kọ "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́". Mo kọ ọ́.
Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.
"Yàrá kan ni, lẹ́yìn Bẹẹrẹ," ló wí.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà."
Bàbá ní, "Dákẹ́."

Omi ló dànù, agbè ò fọ́,
bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń kí ara wa.
Omi dànù, agbè fọ́:
mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ti èyí.

Èmi náà. Ọdún tí mo ti Ẹrúwà dé,
Òkè-Àdó, fèrèsé tí wọ́n fi páálí dí.
Agbè tèmi ò fọ́.
Mo ti tọrọ àforíjì, mi ò sì kábàámọ̀;
àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi,
wọn kì í kí ara wọn.

Nígbà tí iná lọ, mo mú àjákù bébà kan,
mo tún gbólóhùn Pásítọ̀ kọ, láìfi àmì kankan sí ti ìparí.
Ó ti ṣẹ.
Òun náà lámì tiẹ̀, ohùn àárín,
èyí tí a kì í kọ.

Wàlíù gbé epo dé. "Màmá, ti ta la máa kọ́kọ́ tẹ̀?"
Ti ọmọ yẹn. Ọ̀la ni wọ́n ń sin ín.