Omi Tí Kò Mí

Mo ra àpótí dígí kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kó lọ sí Kútọnu,
ó gùn tó apá méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dé orúnkún.
Mo bu iyanrìn Ọ̀sà sí i, mo bu omi Ọ̀sà lé e,
mo kó epìyà mọ́kànlá sínú rẹ̀,
mo gbé e síwájú ibùsùn bàbá mi, nílé wa l'Átákè,
nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé etí omi mọ́.

Ó wò ó títí ògì ọwọ́ rẹ̀ fi dì lójú.
Ó ní, "Séfíù, omi yìí ò mí."

Mo rẹ́rìn-ín.
Ní ọjọ́ kẹta, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú omi bí ojú ògì yẹn gan-an,
ẹja gòkè, wọ́n ń yanu
bí ọmọ iléèwé tó ń retí burẹ́dì.
Méjì kú. Mo sin wọ́n sídìí àgbọn kí Bàbá tó jí.
Ó jí, ó ka èyí tó kù, kò sọ nǹkan kan.

Èmi tí mò ń tún fáànù ṣe ní Wàǹdó,
tí mò ń we wáyà bàbà mọ́ ikùn mọ́tọ̀ tó ti jóná!
Mo wá pọ́ǹpù kan, mo rì í sínú omi, mo tan kùrán.
Háà! Iyanrìn fò sókè, omi di ẹrẹ̀,
epìyà lẹ̀ mọ́ dígí bí àwòrán olóṣèlú mọ́ ògiri.
Bàbá ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìgbì. Jàgídíjàgan ni.
Ìgbì a máa lọ, a sì máa bọ̀."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.
Lóru, mo tú zẹ́mì tí àbúrò mi gùn títí tó fi dákú,
mo yọ ohun tó ń mú iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́jú,
mo fi kàpásítọ̀ fáànù fà á sẹ́yìn díẹ̀,
torí kò sí omi tó ń ṣẹ́jú kíákíá báyẹn.
Pọ́ǹpù kékeré méjì: bí tòsì bá tì, tọ̀tún a dákẹ́;
bí tọ̀tún bá tì, tòsì a sinmi.
Mo kọ imú wọn sí dígí, n kò kọ ọ́ sí ẹja,
kí omi kọ́kọ́ gbá ògiri, kí agbára rẹ̀ fọ́,
kó tó padà wá jẹ́jẹ́.

Omi gbéra.
Ó gun dígí ọ̀tún, ó rántí nǹkan, ó padà.
Ewé inú omi tẹrí ba, ó gbérí.
Awọ ojú omi ya, ó wọ́ lọ sísàlẹ̀;
ìdọ̀tí tó sá pamọ́ sí igun, omi lọ fọwọ́ fà á jáde.
Epìyà kọjú sí ìgbì, wọ́n dúró, wọ́n ń fì
bí ọkọ̀ tí a so mọ́ òpó.
Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì:
èjìká ọ̀tún síwájú, tòsì sẹ́yìn,
lórí ibùsùn, láìsí àjẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tukọ̀.

Kùrán lọ lóru Alámísì.
Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọlé, mo bá Bàbá lórí àpótí ìjókòó,
apá rẹ̀ ti wọ omi dé ìgbòǹwọ́,
àtẹ́lẹwọ́ ń lọ, àtẹ́lẹwọ́ ń bọ̀.
Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á.
"Ọwọ́ rẹ yá jù. Mọ́tọ̀ ló kọ́ ọ. Jókòó, kí o wò ó."
Mo wò ó títí ládàánì fi pè.
Epìyà mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n.

Kùrán dé. Tòsì tì, tọ̀tún gbà á.
Bàbá ò yọ ọwọ́.
Ó ti tu omi láti kékeré;
ó fi apá sílẹ̀ nínú dígí, ó dijú,
ó jẹ́ kí omi tù ú.