Abẹ Lábẹ́ Ẹsẹ̀

Ní Hull, lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹyẹ òkun ti ń jà lórí ọ̀dùnkún díndín,
yàrá mi kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ:
ẹ̀rọ kan, àga kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì eérú irin.
Ibẹ̀ ni mo ti ń pọ́n abẹ lábẹ́ bàtà àwọn tó ń sáré lórí yìnyín.
Bàbá mi pọ́n àdá fún olóko kòkó n'Íkìrun,
èmi ń pọ́n abẹ fún òyìnbó.
Òwò kan náà ni. Òtútù ló yàtọ̀.

Wendell Prokop dé lóṣù Sẹ̀tẹ́ńbà,
ọmọ àgbẹ̀ àlìkámà láti Kánádà,
ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, eyín iwájú méjì ò sí nílé,
báàgì rẹ̀ ń rùn bí ẹní tí òjò pa mọ́ ìta.
Kíláàbù kẹtàlá rèé, ó ní.
Mo ní kó kà wọ́n fún mi. Ó fi ìka kà á:
Telford, Swindon, Fife, Dundee,
ìlú kan ní Slovakia tó ti gbàgbé orúkọ rẹ̀
ṣùgbọ́n tó rántí ọbẹ̀ kábéèjì ìyá onílé.
Ìka rẹ̀ tán. Ó yá tèmi, ó ń kà lọ.

Kì í ṣe ìràwọ̀. N ò ní parọ́ fún yín.
Kò sí ọmọdé tó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀wù.
Ọmọ iwájú ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju
kó lọ dúró gbagidi níwájú àwọ̀n,
kí wọ́n fi ọ̀pá gún un níhà, kí wọ́n fi ìgúnpá fọ́ ọ létè,
kí rọ́bà dúdú yẹn lè bà á nítan, kó yà wọlé.
Nígbà mìíràn, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n á kọ sí góòlù náà.
Á rẹ́rìn-ín, á tu ẹ̀jẹ̀, á padà sórí bẹ́ńṣì.
Yìnyín ò yin ẹnikẹ́ni.
Lẹ́yìn eré, ọkọ̀ olómi á jáde,
á pa gbogbo ipa abẹ rẹ́,
bí ẹni pé ẹnìkan ò sáré níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ń bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi kan gbé páìpù ní Hessle,
torí owó họ́kì ò tó owó ilé
àti owó ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Swindon.
Tó bá di Sátidé: "Làmídì, pọ́n ọn kó mú."
Mo ń pọ́n ọn, ojú mi ń pọ́n,
iná wẹ́wẹ́ ń ta sí mi lọ́wọ́.
Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, abẹ náà ń fẹ́lẹ́ sí i.
Ohun tí a bá ń pọ́n, jíjẹ là ń jẹ ẹ́ tán.
N ò sọ fún un. Ó mọ̀.

Ní Máàṣì, kóòṣì pè é. Ọ̀rọ̀ náà ò tó ìṣẹ́jú méjì.
Wọ́n fún un ní káàdì tí gbogbo wọn fọwọ́ sí,
wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ rẹ̀.
Ó gbé bàtà wá bá mi. Eré kankan ò kù.
"Pọ́n ọn."
Mo ní, ọkùnrin yìí, ibo lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ?
Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Kò tíì rí òun lórí yìnyín rí
láìsí ẹni tó ń lu òun.

Lọ́jọ́ náà, láàárín àwọn ọmọ tó wá ṣọjọ́ ìbí,
mo rí wọn láti ojú fèrèsé.
Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.
Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún sáré síwájú
ń fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú ọmọ.

Mo pa ẹ̀rọ. Eérú irin ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Èwo ni tiẹ̀ níbẹ̀, èwo ni ti àwọn yòókù,
n ò lè yà á.