Bó Bá Wù Yín

Fọ́tókọ́pì ni ìwé eré wa.
Ṣẹ̀gílọlá ló tẹ̀ ẹ́ lóru ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Ṣómólú,
nígbà tí tàdáwà ń tán lọ nínú ẹ̀rọ.
Ojú ìwé kọkànlélógójì dúdú bí ìdí ìkòkò,
láti ibẹ̀ dé ìkẹrìndínlọ́gọ́ta, kò sí níbẹ̀ rárá.
Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ bí ènìyàn ṣe ń kú sí.

Àwa fúnra wa la wá jókòó, à ń pinnu ikú.
Mùtáírù ní kí ẹni tó bá kú lọ ra búrẹ́dì.
Ìbídùn ní rárá, kó di òjìji,
kó máa sọ òótọ́ nìkan, ká má gbà á gbọ́.
A dìbò. Òjìji wọlé.
Búrẹ́dì náà wọlé.

Baba onílé lẹ òfin tirẹ̀ mọ́ ara ògiri:
má gúnyán lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án,
má sá aṣọ sójú àtẹ̀gùn,
ariwo kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́wàá.
Ó tún kọ "ariwo" lẹ́ẹ̀kejì nísàlẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.
Bí àwọn jagunjagun wa ṣe kọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nìyẹn.
Ẹ ò rí irú ogun bẹ́ẹ̀ rí:
ìlú jóná, ọba ṣubú, ẹranko inú ibú bú ramúramù,
gbogbo rẹ̀ lábẹ́lẹ̀,
bí ẹni ń gbàdúrà sínú àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn òfin kan wà nínú ìwé tí kò pọn dandan.
Bó bá wù yín, kí ẹrù máa wúwo.
Bó bá wù yín, kí ebi máa pa wọ́n lọ́nà.
Bó bá wù yín, kí ọgbẹ́ máa pẹ́ kó tó jiná.
A wo ara wa. Ta ló wù?
Èmi tí mo pọn omi gun àjà kẹta láàárọ̀?
A fi pẹ́ńsù fagi lé ẹrù, a fagi lé ebi.
A fi ọgbẹ́ sílẹ̀. N kò mọ ẹni tó ní ká fi í sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òfin iná:
bí wọ́n bá mú iná lọ tí dáìsì ṣì ń yí,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Ká jókòó sókùnkùn títí Mùtáírù yóò fi rí fóònù rẹ̀;
ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá bá, òun náà ni.
Mo ti rí ogún níbẹ̀. Mo ti rí ení.
Ìgbà kan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti bá a lọ́jọ́ kejì,
ó fi méje sókè, ọ̀rọ̀ sì ti tutù.

Lọ́jọ́ tí Jókòótọ́lá ti ibi ìsìnkú baba rẹ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́,
aago baba náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tóbi jù ú lọ.
Ọdẹ rẹ̀ dúró létí ọ̀gbun.
Ó ju dáìsì. Ení.
Ìbídùn gba pẹ́ńsù, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ojú ìwé dúdú yẹn:
Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú kò gbọdọ̀ ṣubú.
Jókòótọ́lá kà á. Ó ní, "Rárá o. Ẹ jẹ́ n ṣubú.
Ẹ ṣáà jẹ́ kó jìn."

A jẹ́ kó jìn.
Mùtáírù ní ó kọjá igi àgbọn kan tó dorí kodò.
Ṣẹ̀gílọlá ní ó kọjá fèrèsé, wọ́n ń dín ẹja níbẹ̀.
Èmi ní ó kọjá ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi,
tí kò gbójú sókè, tó ṣáà na ìṣó kan sí i.
Jókòótọ́lá ní òun gba ìṣó náà.

Aago mẹ́wàá kọjá, a ò mọ̀.
Ilẹ̀kùn dún. Baba onílé ni, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.
A ti ń múra ẹ̀bẹ̀.
Ó fara ti ilẹ̀kùn. Ògiri ilé yẹn kò nípọn rárá.
"Ọdẹ yẹn," ó ní, wúyẹ́wúyẹ́,
"ṣé ó ti délẹ̀?"