Ohùn Inú Abọ́ Tánganran

Fóònù Mọńsúrá wà nínú abọ́ tánganran
kí ohùn rẹ̀ lè dún dé ìdí òkìtì.
Àwa márùn-ún la jókòó lẹ́yìn Sábó, ní Ṣàgámù,
à ń bó gbànja,
omi obì ti kun ìka wa, ó pọ́n bí ilẹ̀ Rẹ́mọ.
Ọkùnrin kan ń kàwé fún wa. A ò mọ̀ ọ́n rí.
Ìtàn òwò obì ló ń kà, ìtàn tòótọ́, kì í ṣe àlọ́:
ewé tí wọ́n fi ń dì í,
ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e rè òkè Ọya.

Ní orí kìíní, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá.
Arákùnrin náà pe obì, ó di òbí.
Ó ní wọn a máa kó òbí jọ lẹ́yìn òjò,
wọn a rẹ wọ́n sómi, wọn a bó wọn láwọ̀,
wọn a wá tà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún.
Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ẹ bá mi bi í,
èló ni wọ́n ń ra ìyá ọkọ?"

Ìyá Odùsànyà ní ohùn náà tutù ju omi àmù lọ,
bí ẹni ń kéde òkú lórí rédíò,
tí ò mọ olóògbé, tí ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.
Ẹni tó kọ ọ́ ni ì bá kúkú kà á fúnra rẹ̀:
a kì í bẹ̀wẹ̀ ìrọbí.
Bàbá Ṣówẹ̀mímọ̀ tó ń rán ẹnu àpò ní, ó tì,
òun ti gbọ́ òǹkọ̀wé kan rí tó ka tirẹ̀,
ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, imú fífun ló fi parí.
Òtítọ́ kì í kun àtíkè, ó ní,
ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an,
kó má fi ojú olójú sunkún.
Ọ̀rọ̀ gùn. Rẹ̀mílẹ́kún fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù,
ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré bí ẹni ajá ń lé,
ogún ọdún kọjá kí n tó bó obì méjì.
"Dá a padà!" la pariwo.
Ìtàn kì í ṣe àgbo tí à ń dímú gbé mì.

Èmi ò dá sí i.
Ojú mi ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta,
ìka ni mo fi ń mọ obì tó ti rà.
Kò sóhun tí mo ń wá lára ohùn ju kó mí lọ:
mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé itọ́ mì,
mo ń gbọ́ bébà tó ń ṣí,
ó tó mi.

Orí keje dé. Ọdún tí lọ́rì obì dojú dé lórí afárá.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn tó jókòó lórí ẹrù:
Efúnṣẹ̀yẹ ará Mákùn. Ṣẹ̀gílọlá ará Ọ̀fìn.
Sàbítíù, ìyá Kẹ́hìndé.
Ẹnu tó ṣi obì pè
kò ṣi ẹyọ kan pè nínú wọn,
àfi bí ẹni pé ìyá oníkálukú ló kọ́ ọ.
Mọ́kànlá. Ó wá dákẹ́.
A rò pé bátìrì ti kú.
Mọńsúrá ti nawọ́ sí abọ́ kí ọkùnrin náà tó tún bẹ̀rẹ̀,
títutù bó ṣe wà:
iye àpò tó dà sódò, iye owó tí wọ́n san.

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ̀ ní, ṣé ó wà nínú ìwé pé kó dákẹ́ ni?
Kò sẹ́ni tó ní ìwé náà nínú wa.
Ìyá Odùsànyà ní, "Dá a padà díẹ̀."
Kì í ṣe ibi orúkọ ló fẹ́. Ibi tó dákẹ́ ni.
A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí kò ti sọ nǹkan kan,
ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wa.

Rẹ̀mílẹ́kún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, omi obì kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.
"Síbẹ̀," ó ní, "kò mọ obì í pè."