Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Yàrá Ìdánwò

Nílùú Tartu, lókè ilé ìtajà bàtà,
ni yàrá tí mo ń ṣọ́ wà.
Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, aago ògiri kan, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí.
Ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín, ni mo máa ń wí.
Ẹ tú àpò yín. Ẹ ká apá ẹ̀wù sókè.
Òrùka ìgbéyàwó nìkan ni òfin gbà láàyè.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi wọ́n.
Ọwọ́ ni mo mọ̀ ọ́n kà.
Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti há gbogbo ìwé náà sórí
kì í gbọ̀n, kì í dúró,
ó ń tẹ ìdáhùn bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu.
Ọwọ́ obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá yege kó má padà wá
tutù ju irin ilẹ̀kùn lọ.

Lọ́jọ́ tí odò Emajõgi di yìnyín, Urmas wọlé,
ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta,
fìlà onírun lábẹ́ abíyá.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ṣọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lóru.
Òun ló gbọ́ olè
lóru ọjọ́ tí wọ́n gba inú ògbólógbòó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wọlé.
"Gbọ́" ló wí o, kò wí pé "rí":
ẹ̀rọ kan ń mí hẹlẹ laago mẹ́ta òru
nígbà tó yẹ kó máa sùn.
Ó fa okùn rẹ̀ tu lára ògiri,
kò dúró gbàṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.
Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ tuntun mẹ́rin ti ké,
kò sí ìyá kan tó mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Kí ló wá gbé ọ débí? mo bi í.
Ó fẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.
Àwọn adójútòfò ló ní ilé ìwòsàn tí kò bá lẹ́ni tó gbàwé
yóò san owó ní ìlọ́po méjì.
"Wọn ò bi mí bóyá mo mọ olè.
Wọ́n bi mí, ta ló jẹ́rìí sí i?"

Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́,
àfi lójijì tó dúró sórí ìbéèrè kan,
ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko.
Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, bó tilẹ̀ léèwọ̀:
olè ti wọlé, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?
"Ìwé ní kí n pe ọ̀gá.
Ọ̀gá mi wà ní Pärnu lóru ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ ti kú."
Èwo lo wá mú?
Ó wo bàtà rẹ̀.
"Tìwé ni mo mú."

Ẹ má rò pé mo ń fi ìwé ṣẹ̀sín.
Urmas fúnra rẹ̀ ló sọ pé nínú ìwé náà,
lójú ewé kan tó fẹ́ fò kọjá,
lòun ti rí i pé ọdún mọ́kàndínlógún
lòun fi kó ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pa mọ́
sínú yàrá kan náà tí ojúlówó wà.
"Olè ì bá kọ́ mi," ó wí,
"ṣùgbọ́n owó iléèwé tiẹ̀ wọ́n."

Ó yege. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́pà náà yege.
Tàdáwà kan náà, òǹtẹ̀ kan náà,
mo kà á kà á, n kò mọ ìyàtọ̀.

Urmas ká tiẹ̀ sínú fìlà.
Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà
wo ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo àpótí ẹrù wọn ti ń fì dirodiro
láti ọdún tí mo ti débí.
"Ìṣó yẹn," ó wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Mo ti ṣí i nípò.
N kò ní sọ ibi tó wà.